Ẹrù Ẹlẹ́rù Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga tó wà níwájú kọ̀ǹpútà ilé wa, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àjà ilé tí à ń gbé ní Park Hill ní Amẹ́ríkà, tiwa sì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù yóò máa rò pé ayé ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná ni mo ń sọ. Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Irun mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ àbúrò mi ti sọ mí di arúgbó nítorí pé mo lo tẹlifóònù tó ní okùn rí. Wọ́n ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi dín kù díẹ̀, nítorí mo fẹ́ bínú lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú tó bí mi nígbà náà kò tíì rọ̀.

Mo ti tó ọmọ tó ń lọ sílé ìwé kí bàbá wa tó kó wa wá láti Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ síkiọ́ríìtì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Manhattan, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etí omi, ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá. Ìyá wa ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn: ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń dáná fún wọn, ó ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Bàbá kì í jẹ́ ká sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ dànù, wọ́n ní kó mú ọ̀kan tó bá wù ú. Ó gbé e wálé nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé gíláàsì rẹ̀, ojú tí à ń wò, lé itan bí ọmọ tuntun.

Ẹni tó lo ẹ̀rọ náà ṣáájú wa ti pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Èyí tó ń jẹ́ C kéré, inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú gbogbo ohun tó fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń jẹ́ D tóbi, ó fẹ̀ bíi gbọ̀ngán, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí aburú nínú ìyẹn, bí ènìyàn bá mọ̀ pé D ló yẹ kí òun kó ẹrù sí. Ṣùgbọ́n bí o kò bá sọ ibi tí o fẹ́ fún kọ̀ǹpútà, C ló máa gbé gbogbo nǹkan sí. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó sọ fún un.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀kan fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀, akọ̀wé ìjọ fẹ́ tẹ orin ọjọ́ ìkórè, alhaji tó ń wa takisí fẹ́ tẹ ìwé ìkómọ ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ àjà òkè fẹ́ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á ní kí bàbá bá àwọn tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀. Bàbá á ní kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ kò-sí-wàhálà yìí ló wá di wàhálà wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìwà yìí ti wá, kí ẹ má bàa rò pé òmùgọ̀ ni bàbá mi. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní oríta kan létí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni àwọn tó ń bọ̀ láti oko ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó lọ wá mọ́tò. Àpò gàrí, apẹ̀rẹ̀ tòmátì, àgò adìẹ, gbogbo rẹ̀ á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ará ilé gbé ẹrù ẹlẹ́rù kúrò níbi tí ẹni tó ni ín gbé e sí. Bí òjò bá ń jò wọlé, tiwa ni kó máa tutù. Mo rí i lójú ara mi kí a tó wá sí Amẹ́ríkà: ìyá bàbá mi ká ẹní tí ó ń sùn lé kúrò níbi gbígbẹ kan ṣoṣo tó kù, kí èlùbọ́ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí má bàa bàjẹ́. Gbogbo àdúgbò yìn wá fún ìyẹn. Wọ́n ní ilé wa ni ilé ọmọlúàbí. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ìyá àgbà sùn.

Òfin yẹn ni bàbá gbé kọjá òkun tó sì gbé sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ará ilé bá ti fi pamọ́ síbẹ̀, ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àgbà kò gbọdọ̀ sún un. Ẹni tí ó tẹ ètò ìsìnkú lè ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tí ó tẹ orin ìkórè lè ti kúrò nínú ìjọ, ẹrù wọn ṣì wà ní C, ó ń sinmi.

Nígbà tó yá, C kún. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í wá ibi tó tẹ́jú kó tó gbé nǹkan sí. Ibi tó bá ti rí ihò ló ń ki nǹkan bọ̀. Orin ìkórè kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè wà níwájú, ègbè rẹ̀ láàárín, àmín rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó sì gbé èkejì sórí fíríìjì. Bí o bá wá ní kó mú un wá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri láti ṣa á jọ. A máa ń gbọ́ ọ tó ń họ nínú àpótí rẹ̀ bí eku tó wọ inú páálí.

Bó bá jẹ́ pé eré ọmọdé nìkan là ń fi ṣe ni, èmi ì bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni ìyá wa ń múra ìdánwò nọ́ọ̀sì. Ó ti parí kíláàsì, ìdánwò ló kù, bó bá sì yege, kò ní máa gbé arúgbó lórí ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ló yá a ní síídì kan tí ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò kún inú rẹ̀. Ìyá fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ náà wọlé síbẹ̀, obìnrin náà sì gba síídì rẹ̀ padà nígbà tó ń kó lọ sí Texas. Ẹ̀kọ́ náà dára gan-an. Ìbéèrè tí ìyá bá ṣì, ẹ̀kọ́ náà yóò rántí rẹ̀, yóò sì tún gbé e wá bá a lọ́jọ́ mìíràn títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ ibi tí ìyá wa ti lágbára àti ibi tó kù sí ju bí àwa ọmọ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Àyè kan ṣoṣo ni ìyá ní lójúmọ́ láti kàwé, ìyẹn láàárín ìgbà tó bá ti ilé arúgbó ọ̀sán dé sí ìgbà tó máa lọ sílé arúgbó ìrọ̀lẹ́. Kì í bọ́ kóòtù. Á jókòó níwájú gíláàsì, á tẹ̀ ẹ́, á sì máa dúró. Àwa á máa gbọ́ ọ tí ẹ̀rọ ń họ, tó ń wá ẹ̀kọ́ ìyá wa láàárín ètò ìsìnkú àti orin ìkórè. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀kọ́ á ṣí, ìyá á dáhùn ìbéèrè díẹ̀, aago á sì ti lù. Lọ́jọ́ mìíràn, kò tilẹ̀ ní ṣí rárá. Mo máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo máa ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Bàbá náà rí i, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Stapleton, ẹni yẹn sì sọ fún un pé oògùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Defrag ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n títò là ń pè é nílé wa. Yóò ṣa gbogbo ohun tó fọ́n ká jọ, yóò tò wọ́n ní ìlà, ẹ̀rọ yóò sì tún máa sáré. Ọkùnrin náà kìlọ̀ pé kò ṣeé ṣe nínú yàrá tó kún dé ẹnu ọ̀nà: ẹni tó ń to ẹrù gbọ́dọ̀ rí ibi yípo sí. Lóòótọ́, nígbà tí bàbá gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀rọ ní àyè kò tó. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde ní C.

Gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ kó jáde. Ẹrù tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ ti alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ọkùnrin kan tó ń gbé ní àjà ìsàlẹ̀. Ó ti kọ́ ilé sí ìlú, ó sì ti ní kí wọ́n kó fọ́tò ilé náà sínú kọ̀ǹpútà wa: iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo fèrèsé rẹ̀, ilé ìwẹ̀ rẹ̀, àti alága fúnra rẹ̀ níwájú géètì pẹ̀lú filà oríṣiríṣi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, á kó àlejò wá sí pálọ̀ wa láti wá wo ilé òun. Ìyá wa á dáná fún wọn. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n se ẹ̀wà fún òun.

Bàbá ránṣẹ́ pè é gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì fún un, ó gbé ẹran fún un, ó rọra ṣàlàyé pé a kò ní sọ nǹkan kan nù, pé láti C sí D lásán ni, pé inú ẹ̀rọ kan náà ni, àti pé bó bá fẹ́ wo ilé rẹ̀, yóò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alága jẹ ẹran tán kó tó fèsì.

“Àbúrò, ibo ni computer fúnra ẹ̀ ń gbé?”

Bàbá ní, “Inú C ni, sà.”

“Ẹrù tìẹ ńkọ́?”

“C náà ni, sà.”

“Èmi wá lo fẹ́ kó lọ sí D. Ṣé backyard ni wọ́n ń fi chairman sí nílé bàbá ẹ ni? Please, jẹ́ kí house mi dúró níbi tó wà.”

Ẹ ò rí nǹkan. Yàrá tó fẹ̀, tó ṣófo, tó mọ́ tónítóní, ó sọ ọ́ di ẹ̀yìnkùlé nítorí pé D gbẹ̀yìn C. Bàbá mi, àgbàlagbà ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì olówó ní Manhattan, dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó tọrọ àforíjì. Mo ń wò ó. Mo ń retí pé bó bá dìde yóò rántí ìyá mi.

Ó rántí rẹ̀ lóòótọ́, lọ́nà ti ilé bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìyá ti lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwa jáde. Ó kó fọ́tò wa lọ sí D, ó kó iṣẹ́ ilé ìwé mi lọ, ó yọ eré bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n mi dànù. Àyè kò tíì tó. Ó wá kan ẹ̀kọ́ ìyá wa. Ẹ̀rọ sọ fún un pé irú èyí kò ṣeé kó kiri, àfi kó yọ ọ́ kúrò pátápátá, kó sì fi síídì rẹ̀ dá a padà bó bá yá. Bàbá wo inú dúrọ́ọ̀, ó rí síídì tó jọ pọ̀ síbẹ̀, ó gbà pé ti ìyá wà nínú wọn. Ó yọ ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ bá mi wò ó. Ó ránṣẹ́ pe alága, ó fi ẹran bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nítorí fọ́tò fèrèsé. Ìyá wa ní tẹlifóònù níbi iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára fíríìjì, kò pè é.

Àyè wá tó, títò bẹ̀rẹ̀. N kò ní purọ́, ó dùn ún wò. Gbogbo ojú gíláàsì kún fún àpótí kéékèèké, pupa, búlúù àti funfun. Wọ́n ń fò láti ibí sí ibẹ̀, pupa ń dín kù, búlúù ń gùn sí i. Àwọn ará ilé wọlé wá wò ó bí wọ́n ṣe ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Alága náà wá. Ó béèrè èwo ni tirẹ̀, bàbá sì nawọ́ sí ìlà búlúù gígùn kan ní àárín. N kò mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni lóòótọ́, bàbá náà kò sì mọ̀. Alága mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó lọ sílé.

Nígbà tí ìyá dé, ayọ̀ ni bàbá fi pàdé rẹ̀. Ó ní kó wá wo bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré. Ìyá jókòó pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó tẹ ibi tí ẹ̀kọ́ máa ń wà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá ní kò tó nǹkan, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń mú síídì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin ẹ̀mí ni. Ìwàásù ni. Síídì ẹ̀kọ́ ìyá kò sí níbẹ̀, ó ti wà ní Texas.

Ìyá kò pariwo. Ó ní, “Ta lẹ bi, kí ẹ tó yọ ọ́?”

Bàbá ní, “Ta ni mo tún fẹ́ bi? Ṣebí tiwa ni.”

Ìyá dìde, ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé arúgbó ìrọ̀lẹ́.

Bàbá sá sókè sá sódò, mo jẹ́rìí rẹ̀. Ó pe Texas, obìnrin náà sì ní òun ti gbé síídì náà fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà ní kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà. Ìyá gbìyànjú ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n wákàtí tí àyè ń gbà á kì í bá wákàtí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn mu. Ó lọ ṣe ìdánwò náà bó ṣe wà. Ó kù díẹ̀ kó yege. Ó ní òun á tún un ṣe, lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀ ṣàìsàn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà a bí àbúrò mi, lẹ́yìn náà kò sọ ọ́ mọ́. Ó gbé arúgbó títí ìbàdí òun fúnra rẹ̀ fi yẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ilé alága wà ní C, ó tò ní ìlà kan gbọọrọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ títò, alága wọlé pẹ̀lú àlejò, n kò sì kúnlẹ̀ kí i. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, mo dúró. Nígbà tí àlejò lọ, ó ní kí n kúnlẹ̀ sí igun ilé, kí n sì gbọ́wọ́ sókè. Tayọ̀tayọ̀ ni mo kúnlẹ̀ fún ògiri yẹn. Ògiri kò kó fọ́tò sínú C wa.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ẹ̀rọ ń to ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ojú sánmà tí ẹ ń pè ní cloud ni ẹ ń kó fọ́tò yín sí, ọmọ kékeré sì ní àyè lọ́wọ́ ju èyí tí gbogbo àjà ilé wa ní lọ. Kò sí ẹni tó ń wá sí pálọ̀ ẹlòmíràn láti tẹ ìwé ìsìnkú. Àwọn kan ń ṣàárò ìgbà náà, wọ́n ní a ti sọ ìwà ọmọlúàbí nù, pé ẹnìkan kì í bá ẹnìkejì tọ́jú ẹrù mọ́. Mo gbọ́. Ó dùn láti máa yin ilé tí a ti ń tọ́jú ẹrù. Èmi ń wo ẹni tí wọ́n ká ẹní rẹ̀ kúrò níbi gbígbẹ, mo sì ti rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin ni.

Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kóra jọ sí gbọ̀ngán ìjọ kan ní Stapleton láti bu ọlá fún bàbá, nítorí ó ti darúgbó. Alága àtijọ́ fi ọ̀pá dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ní òun kó ohun ìní òun sílé ọkùnrin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì gbé e kúrò níbi tí òun fi í sí rí, àní lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Ìyá wa jókòó láàárín èmi àti bàbá, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí rẹ̀.

Ó ní, “Òótọ́ ni. Tèmi nìkan ló gbé.”

Kò sọ ọ́ sókè. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ lọ, bàbá gbọ́ ọ, ó sì sọ orí rẹ̀ kodò.